Aṣọ Alábùlẹ̀ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Àjèjì, Kì í sì í Ṣe Iṣẹ́ Tálákà

Ọ̀rọ̀ kan ti di ìgbàgbọ́ ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìdó-Ilé dé Arámọkọ, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá kó àgékù aṣọ jọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tó rán wọn pọ̀ di báàgì, ìrọ̀rí tàbí aṣọ ìbora, tó sì dì wọ́n lẹ́rù lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́, ohùn méjì ló máa ń gbọ́. Ohùn kan á ní: "Àṣà òyìnbó lèyí, orí fóònù ni wọ́n ti kó o." Ohùn kejì á ní: "Àkísà náà kọ́ nìyí? Èló ni wọ́n fẹ́ tà á?" Ẹni àkọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ náà kò ní ìtàn kankan nílẹ̀ yìí. Ẹni kejì gbà pé iṣẹ́ àwọn tí kò rówó ra aṣọ ni. Nígbà mìíràn, ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì.

Àṣìṣe ni méjèèjì. Ẹ̀rí tó tako wọn wà nínú ìwé àwọn onímọ̀, ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ òkèèrè, ó sì wà lórí àwọn ọba wa gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n to ẹ̀rí náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí n sọ ibi tó dé àti ibi tí kò dé, kí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun lè mọ ohun tó ń tà.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá

Àṣìṣe tó bá pẹ́ lẹ́nu ènìyàn kì í wà láìní gbòǹgbò. Lóòótọ́, orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ sísọ ohun àlòkù di ohun iyì, ìyẹn upcycling, kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 1994 ni Reiner Pilz, ẹnjiníà ará Jámánì, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn Salvo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ kọ́ ló tilẹ̀ ń sọ nígbà náà. Bíríkì àti ohun èlò ilé tí àwọn oníṣẹ́ ń fọ́ túútúú ló ń dùn ún. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn aránṣọ ayé gba orúkọ náà mọ́ra, tí ó sì wá bá wa lórí fóònù.

Ìpàtẹ tí a ń gbé ọjà lọ náà kì í ṣe ohun àtijọ́. Ọdún 1970 ni Àjọ̀dún Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà ti orílẹ̀-èdè yìí, NAFEST, bẹ̀rẹ̀, ọdún 2021 ló sì wá sí Adó-Èkìtì. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ńlá tí Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà ti Ìjọba Àpapọ̀ ń ṣe ní Àbújá, INAC, kéré sí NAFEST lọ́jọ́ orí. Báàgì ankara oní-síìpù pẹ̀lú àpò kọ̀ǹpútà alágbèéká kò sí láyé àwọn bàbá ńlá wa. Ẹni tó bá ní àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ tuntun kò purọ́.

Ẹ̀gàn tí wọ́n ń fi kan àkísà náà ní ìdí. Gbogbo wa la mọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé tí wọ́n fi àbùlẹ̀ dí ní ìdí àti ní orúnkún, a sì mọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A tún mọ òkirikà. Ìjọba ti fi kíkó aṣọ àlòkù wọlé sínú àwọn ohun tí òfin kà léèwọ̀, síbẹ̀ ó kún ọjà wa dẹ́nu. Ohun tí òfin kọ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ń rà, kò lè ṣàìní ìtìjú díẹ̀ lára. Ibẹ̀ ni ohun gbogbo tó jọ àlòkù ti kó èérí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni àbùlẹ̀ tí a fi dí ihò, kí aṣọ tó ti gbó lè pẹ́ sí i. Èkejì ni aṣọ tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀là kéékèèké kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀là wọ̀nyí sì jẹ́ ẹwà rẹ̀. Àkọ́kọ́ lè jẹ́ àmì àìní. Èkejì kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀rí tí mo fẹ́ tò yìí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti tálákà.

Ojú adé

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wà ní Ìdó-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí Arámọkọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, mọ̀ pé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ̀n jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí iṣẹ́ adé onílẹ̀kẹ̀ ti gbilẹ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé Adéṣínà sì ni àwọn onímọ̀ máa ń dárúkọ níbẹ̀. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Yale, kọ àròkọ kan lórí adé onílẹ̀kẹ̀ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1970, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ hun egungun adé bí ẹni hun agbọ̀n. Páálí ni àwọn mìíràn ń lò nísinsìnyí. Wọ́n á na aṣọ funfun bò ó, wọ́n á fi ògì rẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí yóò fi gan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kan ojú tó máa ń wà níwájú adé. Ojú yìí, tí imú rẹ̀ yọ síta tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì hàn, kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe amọ̀. Ẹ̀là aṣọ ni wọ́n rì bọ inú ògì tútù, tí wọ́n fi ọwọ́ mọ títí ó fi di ojú ènìyàn. Ẹyẹ orí adé àti àwọn ohun mìíràn tó yọ síta pàápàá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà mọ wọ́n. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ ni wọ́n á tó sin ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí òwú, wọ́n á máa tẹ́ ẹ lé e ní ìlà ní ìlà, wọ́n á sì máa fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ ọn.

Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ náà ńkọ́? Ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá, láti Venice ní Ítálì àti láti ilẹ̀ Czech. Ẹ wá ka ohun tó wà lára adé: igi híhun tàbí páálí, aṣọ funfun, ẹ̀là aṣọ, ògì, òwú, ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì. Bí wọ́n bá tú u palẹ̀, tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n lọ́jà, iye tí yóò pa kò ní tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ ọnà Ẹ̀fọ̀n bá fi abẹ́rẹ́ mú wọn ṣọ̀kan, ìlú á dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tó dúró níwájú ọba rí tó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀là aṣọ ló wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yín o."

Ẹ̀rí yìí kò sọ pé báàgì alábùlẹ̀ ti wà ní Ìdó-Ilé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ìmọ̀ fífi ẹ̀là aṣọ àti ohun tó wá láti ibòmíràn kọ́ nǹkan iyì ti wà ní àdúgbò wa yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀, àwọn tó ní owó àti àṣẹ jù lọ ló sì ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Àlàárì àti pupa Bùnú

Aṣọ òkè fúnra rẹ̀, ẹ̀là ni. Òfì àwọn ọkùnrin kì í hun aṣọ fífẹ̀. Pẹ́lẹ́bẹ́ tó fẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 4 ló ń jáde lára rẹ̀, aránṣọ ló sì máa ń gé e ní ọgbọọgba, tí yóò tò ó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí yóò fi abẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀ di ìró tàbí agbádá. Ẹni tó wọ agbádá aṣọ òkè wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìránpọ̀ lọ́rùn. A kì í pe ìyẹn ní àbùlẹ̀ nítorí pé ojú wa ti mọ́ ọn.

Lára aṣọ òkè, mẹ́ta ló gba orí ipò: ẹtù, sányán àti àlàárì. Òwú pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń fi hun àlàárì láyé àtijọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Ìhà gúúsù Yúróòpù ló ti ń wá, ó ń gba Tìrípólì, ó ń fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Kánò, kó tó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ahunṣọ Yorùbá. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851, rí sílíkì olówùú líle yìí lọ́jà ibẹ̀. John Picton àti John Mack, nínú ìwé wọn African Textiles ti 1979, ṣàlàyé irú sílíkì tó jẹ́: sílíkì àṣẹ́kù ni. Fọ́nrán kéékèèké tí àwọn ilé iṣẹ́ sílíkì kò lè fà gùn ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n tún ran di òwú, tí wọ́n pa láró pupa.

Ẹ jẹ́ ká dúró wò ó. Ohun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni àwọn ahunṣọ wa gbà, tí wọ́n sọ ọ́ di aṣọ ìjòyè àti aṣọ ìgbéyàwó. Wọn kò fi ẹ̀dínwó tà á nítorí pé àṣẹ́kù ni. Ṣe ni wọ́n gbé iye lé e ju òwú funfun tí wọ́n ran nílé lọ.

Ní apá àríwá ìlà-oòrùn wa, láàárín àwọn Bùnú tí wọ́n jẹ́ Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kogí òní, ẹ̀rí tó tún lágbára jùyẹn lọ wà. Elisha Renne gbé ibẹ̀ láti ṣèwádìí, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1995 tó pè ní Cloth That Does Not Die. Láyé àtijọ́, àwọn Bùnú ní aṣọ pupa kan tí wọ́n máa ń hun fún ìsìnkú àwọn ìjòyè àti fún ẹ̀kú eégún. Kò sí aró ilé tó lè pọ́n tó pupa tí wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ra aṣọ onírun àgùntàn pupa tó wá láti ilẹ̀ òyìnbó, búláńkẹ́ẹ̀tì pàápàá, wọ́n á tú u sí òwú, wọ́n á sì fi òwú náà hun aṣọ tiwọn. Gbogbo aṣọ odindi ni wọ́n ń bà jẹ́ kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ lò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gba àkókò, ó gba owó, olówó ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Bí ìyẹn kì í bá ṣe sísọ ohun kan di ohun mìíràn tó níyì jù ú lọ, mi ò mọ ohun tó tún lè jẹ́ ẹ.

Àdìrẹ náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn tó ń gé àwòṣe fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń lo páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú àpótí tíì tí wọ́n kó wọlé. Àpótí tíì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Páànù inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni.

Ẹ̀kú àti àsíá ọba

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé aṣọ alábùlẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò ní, kí ó wo ẹ̀kú egúngún nígbà tí eégún bá ń yí lójú agbo. Pẹlẹbẹ aṣọ tó ń fò sókè yẹn, oríṣiríṣi ni: àrán, dàmáàsìkì, àlàárì, ankara. Etí wọn máa ń ní aṣọ pupa tí wọ́n gé ní ṣónṣó-ṣónṣó bí eyín ayùn, tí wọ́n sì rán mọ́ ọn. Henry Drewal àti Margaret Thompson Drewal, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1978, ṣàlàyé pé ìdílé tó ni eégún a máa fi aṣọ tuntun kún ẹ̀kú bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Aṣọ tó súnmọ́ ara jù lọ a máa jọ èyí tí a fi ń sin òkú, nígbà tí èyí tó wà lójú máa ń fi ọrọ̀ ìdílé hàn. Ẹ̀kú tó nípọn ń sọ pé ìdílé náà pẹ́ nílé ayé, pé wọ́n lówó, pé wọn kò gbàgbé. Ẹ̀kú tó fẹ́lẹ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe náà kò fi àkísà ṣẹ̀sín. Ó kà á mọ́ ọrọ̀ tí ọjọ́ orí nìkan ń fúnni.

Ẹ jẹ́ ká tún ré kọjá ẹnubodè lọ sí Àgbómì, tí àwọn Faransé ń pè ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọba Dàhòmì ní ẹgbẹ́ aránṣọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gígé aṣọ sí àwòrán kìnnìún, ẹja, ẹyẹ àti ohun ìjà, tí wọ́n á sì rán an mọ́ aṣọ ńlá láti fi pìtàn ọba kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Yemadjè ni òkìkí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn jù lọ. Aṣọ wọ̀nyí di àsíá, agboòrùn, fìlà àti ohun tí wọ́n ń ta sára ògiri ààfin. Ọba ló ní àṣẹ lórí wọn. Aránṣọ kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn bó ṣe wù ú.

Nígbà tí ogun Faransé borí, tí Ọba Béhanzin sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1894, agbára ọba tó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ dínkù. Àwọn aránṣọ Àgbómì kò ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán fún ẹni tó bá lówó: fún ìsìnkú, fún àwọn ẹgbẹ́, fún àwọn aṣèjọba Faransé, fún àwọn àlejò. Títí di òní, ẹni tó bá dé ààfin Àgbómì, tí UNESCO fi sínú àwọn ibi ogún àgbáyé ní 1985, lè ra èyí tó kéré tó lè wọ inú báàgì rẹ̀. Nítorí náà, rírán ẹ̀là aṣọ tà fún àlejò kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ òní dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí a má ṣubú sí apá kejì

Ẹni tó ń sá fún kòtò ọ̀tún ní láti ṣọ́ra fún ti òsì. Àwọn kan ti gbọ́ apá kan ìtàn yìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di àsọdùn: wọ́n ní àwa Yorùbá la kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń rán àgékù aṣọ pọ̀, àti pé aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ń rán jẹ́ lẹ́tà àṣírí tó ń júwe ọ̀nà fún ẹrú tó ń sá lọ. Ìwé kan tó jáde ní 1999, Hidden in Plain View, ló gbé ìtàn lẹ́tà àṣírí yìí dé etí gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà, wọn kò sì rí ẹ̀rí kankan láti ayé ẹrú fúnra rẹ̀ tó gbè é lẹ́yìn.

Ní ti ẹni tó kọ́ ẹni, Robert Farris Thompson jiyàn nínú ìwé rẹ̀ Flash of the Spirit ti 1983 pé ojú tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà fi ń to àwọ̀ àti ìlà jọ ti aṣọ pẹlẹbẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti àwọn Mande ní pàtàkì. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ délẹ̀. Èyí tó dájú ni pé àwọn obìnrin Bengal ń fi ògbólógbòó sárì rán aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní kantha, àwọn àgbẹ̀ Japan sì ń fi àbùlẹ̀ lé àbùlẹ̀ rán èyí tí wọ́n ń pè ní boro. Wọn kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, a kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ibi gbogbo tí aṣọ bá ti ṣọ̀wọ́n tàbí tó ti níyì, ọwọ́ ènìyàn á kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀là rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wa sí iṣẹ́ yìí kò nílò kí a gba ti ẹlòmíràn mọ́ tiwa.

Ohun tí àtúnṣe yìí jẹ́ fún ẹni tó ń rán tà

Ìtàn tí kò bá yí iye ọjà padà, àwọn oníṣòwò á ní ìtàn lásán ni. Èyí yí i padà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ń pa iyì iṣẹ́ náà, èkejì sì ń pa owó rẹ̀. Nítorí pé àgékù ni, oníbàárà á ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí i, aránṣọ náà á sì gbà fún un. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kí a fi iye àpẹẹrẹ sí i.

Ká sọ pé báàgì kan gba wákàtí 6: ọ̀kan fún fífọ̀, lílọ̀ àti ṣíṣa àgékù, márùn-ún fún rírán. Bí wákàtí kan bá jẹ́ ₦800, owó ọwọ́ jẹ́ ₦4,800. Síìpù, láínì, síté àti òwú jẹ́ ₦1,500. Bí àyè níbi ìpàtẹ bá jẹ́ ₦20,000, tí báàgì tó lọ sì jẹ́ 40, ₦500 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ ₦12,000 sì fi ₦300 lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,100, kí èrè tó dé. Bí oníbàárà bá wá ní "àkísà ni, gba ₦3,000", tí aránṣọ sì gbà, lẹ́yìn tí ó bá yọ ₦2,300 tó ná, ₦700 ló kù fún wákàtí 6. Kò tó ₦120 fún wákàtí kan. Àgékù kì í dín iṣẹ́ kù, ṣe ló ń fi kún un, nítorí ojú ìránpọ̀ máa ń pọ̀ ju ti aṣọ odindi lọ.

Ẹnì kan ti jẹ irú ìyà yìí rí, ìtàn sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Harriet Powers, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia ní Amẹ́ríkà ní 1837, fi ẹ̀là aṣọ rán ìtàn Bíbélì sí ojú mọ́kànlá lórí aṣọ ìbora kan. Ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ náà ní 1886. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, Jennie Smith, rí i níbẹ̀, ó fẹ́ rà á, Powers kọ̀. Lẹ́yìn bí ọdún márùn-ún, nígbà tí nǹkan le fún un, ó fẹ́ gba dọ́là 10. Dọ́là 5 ló gbà. Aṣọ yẹn wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington lónìí. Ohun tó jẹ́ kí ayé mọ iye rẹ̀ ni pé Powers ṣàlàyé ojú kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó rà á, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ọjà lọ sí Adó tàbí Àbújá, tàbí tó ń pàtẹ fún àwọn àlejò tó ń wá wẹ omi gbígbóná ní Ìkógòsì, kí ó kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọjà rẹ̀: irú aṣọ tó jẹ́, ibi tó ti rí i, ìlú tí wọ́n ti rán an, wákàtí tó gbà. Kí ó má kọ irọ́. Ankara kì í ṣe aṣọ ìṣẹ̀ǹbáyé Èkìtì, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ adé náà kì í ṣe ti ibí.

Ìtàn rere kò sì lè gba iṣẹ́ búburú sílẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ adé Ẹ̀fọ̀n polówó, tí báàgì rẹ̀ sì ya lọ́jọ́ kẹta, ti ba ti gbogbo wa jẹ́. Kí á fọ gbogbo àgékù kí á tó gé e, kí èyí tó máa sún kì lè sún kí á tó rán an. Kí á fi aṣọ funfun tútù nu àdìrẹ àti kàḿpálà wò. Bí aró bá yọ́, kí á má rán an mọ́ funfun. Kí á má da aṣọ tó ń nà pọ̀ mọ́ èyí tí kò nà, torí ojú ìránpọ̀ á fà. Kí á fi síté tó le sí ìdí báàgì, kí á sì rán ibi tí okùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Aṣọ tó jẹ́ ti ìdílé, àti èyí tí a ti lò fún eégún, kì í ṣe àgékù. Kí a bi àwọn àgbà kí síṣọ́ọ̀sì tó kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú bíbéèrè iye àkísà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta iṣẹ́. Ẹ wo ojú ìránpọ̀ rẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ fà á wò. Bí kò bá dára, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá dára, ẹ san owó iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀, bí àwọn ìlú wa ti ń san án fún àwọn tó ń fi ẹ̀là aṣọ, ògì àti ìlẹ̀kẹ̀ àjèjì rán adé.